Ìpàtẹ Ìta Gbangba: Ọ̀nà Ẹrú, Ọkọ̀ Inú Ìgò àti Àwọn Àgọ́ Ẹ̀gbá

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti gba Ṣàpọ́n kọjá rí: ìpàtẹ. Ẹni tó ń ta bàtà pàtẹ, ẹni tó ń ta fóònù pàtẹ, ẹni tó ń ta ata náà pàtẹ. Ẹni tó ń lọ sí Aké ń rí ọjà wọn, ẹni tó ń bọ̀ láti Ìtokú ń rí i, kò sì sí ẹni tó ń gba owó ìwòran lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà la ń lò fún iṣẹ́ ọnà. Èyí tí wọ́n bá pàtẹ sínú gbọ̀ngàn, ẹni tó bá gbọ́ nípa rẹ̀ ló ń lọ wò ó. Èyí tí wọ́n bá pàtẹ síta gbangba ló dà bí ti Ṣàpọ́n: ẹni tí kò ní in lọ́kàn láti wo nǹkan kan ló ń bá pàdé.

Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ìtàn àwọn tó kúrò nílé, yálà wọ́n fẹ́ tàbí wọ́n kọ̀, ti wà lára ohun tí wọ́n ń pàtẹ síta báyìí. Mo fẹ́ mú méjì nínú irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ní Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kí n fi wọ́n wé ohun tí àwa Ẹ̀gbá ní nílé. Ìbéèrè mi kò pọ̀: nínú ìtàn àwọn tó ṣí kúrò nílé, ta ni ìpàtẹ náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ta ni kò sì dárúkọ?

Ọ̀rọ̀ èdè ná

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní kíláàsì mọ̀ pé mi ò lè rin ibi kan kí n má kọ́kọ́ dúró lórí ọ̀rọ̀. Àìsàn mi nìyẹn. "Ìṣípòpadà" tí àwa ọ̀mọ̀wé ń lò yìí gbòòrò jù. Ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́ ti pín in sí wẹ́wẹ́ tipẹ́. Ẹni tí ogun lé, sísá ló sá. Ẹni tó rí ibi tó jókòó sí, ó tẹ̀dó. Ẹni tó ń gbé lórí ilẹ̀ onílẹ̀, àtìpó ni. Ẹni tó jáde tó tún wálé, ó padà bọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n mú lẹ́rú ńkọ́? Kíkó ni wọ́n kó wọn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn dáadáa: "kó" la ń lò fún ohun tó bá ju ẹyọ kan lọ, òun náà la sì ń lò fún ẹrù. "Wọ́n kó wọn lọ": nínú gbólóhùn yìí, ẹni tó kó ènìyàn ni olùwà, àwọn tí wọ́n kó, àbọ̀ ni wọ́n. Gírámà ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn kí òpìtàn tó dé.

Àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí ti fi "jápa" kún un. Létí tèmi, "já" inú rẹ̀ ni ti ewúrẹ́ tó já okùn. Ẹ fi ìyẹn sápá kan ná, a ó padà dé orí rẹ̀.

Ọ̀nà Ẹrú ní Ouidah

Ouidah, tí àwọn Fọ̀n ń pè ní Glexwé, wà lára àwọn èbúté tí wọ́n ti kó ẹrú jù lọ ní etíkun Áfíríkà. Ní oṣù kejì ọdún 1993, lábẹ́ ìjọba Nicéphore Soglo, wọ́n ṣe ọdún ńlá kan níbẹ̀ tí wọ́n sọ ní Ouidah 92. Fún ọdún náà ni wọ́n ṣe to ère sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó lọ láti àárín ìlú dé etí òkun, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin. Ọ̀nà Ẹrú ni wọ́n ń pè é. Ní 1994, àjọ UNESCO dá ètò ìwádìí tiwọn lórí Ọ̀nà Ẹrú sílẹ̀ ní ìlú náà. Ní 1995, wọ́n ṣí ẹnu-ọ̀nà gìrìwò kan sí etí òkun níbẹ̀, wọ́n pè é ní Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadà.

Mo ti fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà rí. Ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ ni nígbà tí mo lọ, ọ̀kadà ń kọjá, àwọn ọmọ iléèwé ń lọ, àwọn ère sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ará àdúgbò. Kò sí ẹni tó ń dákẹ́ nítorí wọn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa ìpàtẹ ìta gbangba nìyẹn, pé kò sọ àwọn ará ìlú di àlejò nílẹ̀ wọn.

Ó níbi tí wọ́n sàmì sí lójú ọ̀nà náà pé Igi Ìgbàgbé wà níbẹ̀ rí. Wọ́n ní wọ́n á ní kí ọkùnrin yí igi náà ká lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, kí obìnrin yí i ká lẹ́ẹ̀meje, kí wọ́n lè gbàgbé ilé kí wọ́n tó wọkọ̀. Robin Law, òpìtàn tó kọ ìwé ńlá lórí ìlú náà ní 2004, ti sọ pé àkọsílẹ̀ ayé ìgbà yẹn kò ti ìtàn yìí lẹ́yìn. Èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tí onímọ̀ èdè lè sọ ni pé bí igi náà bá tiẹ̀ wà, kò ṣiṣẹ́. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí Cuba di Lùkúmí, àwọn ti Brazil di Nàgó, èdè wa kò sì kúrò nínú orin àti àdúrà wọn títí dòní. Àwọn tí ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà lójú òkun tó sì já sílẹ̀ ní Freetown, ìkíni wa, "ẹ kú", ló di orúkọ wọn: Àkú. Nígbà tí Sigismund Koelle tẹ ìwé *Polyglotta Africana* jáde ní 1854, ó ti gba ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà, Òndó àti Yàgbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ará Freetown yìí, ó kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ Àkú. Ẹni tó gbàgbé ilé, ṣé ẹ̀ka-èdè ilé ló máa rántí?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa Ẹ̀gbá nìyí. Púpọ̀ nínú àwọn ère ojú ọ̀nà yẹn kì í ṣe ère ẹrú. Àmì àwọn ọba Dàhòmì ni, àwọn òòṣà wọn ni, àwọn obìnrin ológun wọn sì ni. Àwọn ọba yẹn kan náà ló ń kó ènìyàn wá tà lójú ọ̀nà náà. Ghezo ló gbógun ti Abẹ́òkúta ní oṣù kẹta ọdún 1851. Glele ọmọ rẹ̀ tún wá ní oṣù kẹta ọdún 1864. A lé àwọn méjèèjì padà, odi wa àti àwọn jagunjagun wa gbà wá. Àwọn ìlú tí kò lágbára tó wa kò rí bẹ́ẹ̀ ṣe. Òkè-Òdan nílẹ̀ Yewa bọ́ sọ́wọ́ Dàhòmì ní 1848. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú ọmọdébìnrin kan tí Ghezo fi ta ọ̀gá ọkọ̀ ogun òyìnbó lọ́rẹ ní 1850, ẹni tí ayé wá mọ̀ sí Sarah Forbes Bonetta.

Cyprien Tokoudagba, ọmọ Abomey, tó kú ní 2012, ló mọ púpọ̀ nínú àwọn ère náà. Láti 1987 ló ti ń bá wọn tún àwọn àwòrán ara ògiri ààfin Abomey ṣe, àwọn àwòrán tó ń yin ìṣẹ́gun ọba lórí àwọn ọ̀tá, Nàgó sì wà lára àwọn ọ̀tá náà. Ọwọ́ yẹn kan náà ni wọ́n wá ní kó mọ ère sójú ọ̀nà tí àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun gbà lọ. Mi ò fi èyí bú u. Oníṣẹ́ ọnà ńlá ni. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ láàfin, èdè ààfin ló máa fi sọ̀rọ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rí i pé ìpàtẹ lè wà lójú ọ̀nà ẹrú kó sì jẹ́ pé ọba ni yóò tún jẹ́ olùwà gbólóhùn. Àwọn ẹrú wà níbẹ̀ o. Lára Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadà, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, wọ́n kọjú sí òkun. Ṣùgbọ́n ọba ní orúkọ, ẹrú kò ní.

Ẹ fi èyí wé ère kékeré kan tó wà ní Africatown, nítòsí Mobile ní Alabama. Ní 1860 ni ogun Dàhòmì mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Oluale Kossola, wọ́n sì tà á ní Ouidah sínú ọkọ̀ Clotilda. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ ló tẹ Africatown dó lẹ́yìn tí wọ́n gba òmìnira. Amẹ́ríkà sọ ọ́ ní Cudjo Lewis, ó sì kú ní 1935. Zora Neale Hurston ti gba ìtàn rẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀, ìwé náà kò sì jáde títí di 2018. Ère orí rẹ̀ ni wọ́n gbé síwájú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní 1959. Kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadà. Ṣùgbọ́n ó lójú, ó lórúkọ, ó sì ní ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ.

Ọkọ̀ inú ìgò

Ẹ jẹ́ ká wọ ọkọ̀ òfurufú dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, wọ́n gbé iṣẹ́ Yinka Shonibare sórí òpó kẹrin ní Trafalgar Square. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí Shonibare ní 1962, Èkó ló ti dàgbà. Ohun tó ṣe ni ìgò ràbàtà kan, ó fi àwòkọ ọkọ̀ Victory sínú rẹ̀, ọkọ̀ tí Nelson wà nígbà tó kú lójú ogun Trafalgar ní 1805. Ìgbòkun mẹ́tàdínlógójì ló wà lórí ọkọ̀ náà, aláràbarà ni gbogbo wọn, irú aṣọ tí gbogbo wa ń pè ní àǹkárá. Ó wà níbẹ̀ títí di oṣù kìíní ọdún 2012. Greenwich ló wà báyìí, níwájú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ọkọ̀ ojú omi.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àǹkárá? Nítorí pé aṣọ yẹn ti rìn ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Java ní Indonesia ló jẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Holland fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé rẹ̀, wọ́n sì gbé e wá tà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwa náà rà á, a sọ ọ́ lórúkọ, a fi dá ẹgbẹ́jọdá, ó di tiwa. Bí ẹnikẹ́ni bá ń béèrè lọ́wọ́ àjèjì pé ìgbà wo ló máa di ọmọ ìlú, kó bi àǹkárá.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìtokú, kò yẹ kí èyí yà yín lẹ́nu. Àdìrẹ tí a fi ń yangàn pé ti Ẹ̀gbá ni, aṣọ funfun láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ìyá wa ń rà tí wọ́n ń rẹ sínú aró. Páànù tí àwọn ọkùnrin fi ń gé àwòrán fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ, òkè òkun ló ti bá àpótí ọjà wá. Nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe júbílì ní 1935, àwọn aláró wa mú àwòrán òun àti ayaba, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí àdìrẹ, wọ́n pè é ní Olóba. Àwọn oníbàárà sì ń ti Gold Coast àti Senegal wá rà á. Aṣọ wá láti ìlú òyìnbó, ó di Ẹ̀gbá níbí, ó tún ti ibí gbéra lọ sílé onílé.

Aṣọ ló ń sọ̀rọ̀ nínú ìgò Shonibare. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn ènìyàn ní láti tẹ̀ lé ọkọ̀ náà jáde kúrò nínú ìgò. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn ogun Trafalgar, àwọn ọkọ̀ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló dá ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí kan dúró lójú òkun. Ọmọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n mú ní Òṣogùn ní 1821. Àjàyí ni, ẹni tó di Samuel Ajayi Crowther. Freetown ni wọ́n gbé e lọ. Ní 1846, ó dé Abẹ́òkúta láti ṣiṣẹ́ ìyìn rere, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ló bá ìyá rẹ̀, Àfàlà, pàdé, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní 1848 ni ìyá náà ṣèrìbọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah. Nínú ìdílé kan ṣoṣo, a rí sísá, a rí kíkó, a rí pípadà bọ̀. Ìlú tí àwọn asáàálà tẹ̀dó ni wọ́n sì ti rí ara wọn.

Àwọn àgọ́ wa

Ìtàn náà ti gbé wa padà sílé. Ní àwọn ọdún 1820 ni ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká nínú igbó Ẹ̀gbá. Ìbàdàn pàápàá, ìlú Ẹ̀gbá Gbágùrá ni kí àwọn ológun tó sọ ọ́ di ibùdó. Ní 1830, Ṣódẹkẹ́ kó àwọn tó ṣẹ́kù wá sábẹ́ Olúmọ. Àwọn Òwu dé bá wọn ní 1834. Láti 1839, àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í ti Freetown dé. Nígbà tí Ìjàyè fọ́ ní 1862, àwọn asáàálà ibẹ̀ náà wá.

Kò sí ẹni tó mọ ère kan láti fi sọ èyí. Orúkọ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ìlú kọ̀ọ̀kan tó sá wá gbé orúkọ ilé rẹ̀ dání: Aké, Ìjemọ̀, Ìgbẹ̀in, Ìpòró, Kéǹta, Ìtokú, Ìkìjà, Ìlúgùn. Igi àti òkúta tó wà ní ibi tí orúkọ náà ti wá kò lè rìn, orúkọ nìkan ló rìn. Ẹ tún wo Àgọ́-Òwu, Àgọ́-Ọ̀kọ, Àgọ́-Ọ̀bà, Àgọ́-Ìjàyè. Àgọ́ ni ibi tí ènìyàn ń sùn bí kò bá tíì mọ̀ bóyá yóò dúró. Wọ́n ti kọ́ ilé alájà síbẹ̀, wọ́n ti gbé iná àti omi ẹ̀rọ wọ ibẹ̀, ọmọ ọmọ wọn ti sin òbí síbẹ̀, àgọ́ ni orúkọ rẹ̀ ṣì ń jẹ́. Lójú tèmi, láti Ṣàpọ́n lọ dé Olúmọ, ìpàtẹ ni gbogbo rẹ̀, ó sì ti wà níta fún ohun tó ń sún mọ́ igba ọdún.

Ṣùgbọ́n ìpàtẹ yìí ní àléébù méjì. Èkíní, àwọn ọmọ wa kò mọ̀ ọ́n kà mọ́. Àgọ́-Ọ̀bà ti di ibi tí a ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú táksí. Èkejì ló nira jù: orúkọ àdúgbò ń sọ nípa àwọn tó dé, kò sọ nǹkan kan nípa àwọn tí kò dé. Gbogbo ìlú tí mo dárúkọ yìí ló ní àwọn tí wọ́n mú lójú ogun, tí wọ́n tà gba Èkó, Àgbádárìgì tàbí Ouidah. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, àwọn Ẹ̀gbá náà mú ẹrú, wọ́n ra ẹrú, wọ́n ta ẹrú. Bí mo bá ní ẹni tó ta ènìyàn ló ń yin ara rẹ̀ lójú Ọ̀nà Ẹrú ní Ouidah, mi ò gbọdọ̀ gbójú kúrò lára tiwa. A kì í sì í ṣe ẹni tó fìgbà gbogbo gba àtìpó mọ́ra. Ní 1867, nígbà Ìfọ́lé, a lé àwọn òyìnbó ìjọ Ọlọ́run, ọ̀pọ̀ Krìsìtẹ́nì tó jẹ́ ọmọ wa, tí wọ́n ti sọnù rí tí wọ́n sì padà wálé, tún kó ẹrù wọn lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀bútté-Mẹ́tta.

Ọdún 2030

Ní 1930, nígbà tí Abẹ́òkúta pé ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn Centenary Hall sí Aké. Ó ṣì dúró síbẹ̀. Ní 2030, ìlú yìí yóò pé igba ọdún. Bí mo ṣe mọ̀ wá, ère akọni ni yóò kọ́kọ́ wá sọ́kàn wa. Akọni tọ́ sí ère. Àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ gbé ti Mọ́remí dúró ní 2016, ó sì wu ojú. Ṣùgbọ́n ìlú tí àwọn asáàálà tẹ̀dó lè ṣe ju ìyẹn lọ.

Ohun tí mo rò nìyí. Kí a mú ọ̀nà tó ti Ṣàpọ́n lọ sí Aké, lọ sí Ìtokú, dé ẹsẹ̀ Olúmọ. Ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ sára òkúta: ibi tí ìlú náà wà tẹ́lẹ̀, ọdún tó tú, ẹni tó ṣáájú wọn wá. Kí àwọn aláró Ìtokú ya àwòrán sí i, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan. Kí ibì kan sì wà fún àwọn tí wọ́n kó lọ, pẹ̀lú orúkọ gbogbo èyí tí a bá mọ orúkọ rẹ̀. Kí a kọ ohun tí wọ́n ṣe níbi tí wọ́n dé: wọ́n sọ èdè, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n tẹ Africatown dó, wọ́n padà wálé. Kí wọ́n di olùwà gbólóhùn fún ìgbà kan.

Àwọn tó ń jápa ńkọ́? Mo sọ pé a ó padà dé orí wọn. Mo ń gbọ́ bí àwọn àgbà ẹgbẹ́ mi ṣe ń bú wọn, bí ẹni pé wọ́n da ilé. Èmi náà ní àwọn tí mo kọ́ tí wọ́n wà ní Toronto àti Manchester, ó sì ń dùn mí pé wọn kò sí nítòsí. Ṣùgbọ́n àwọn baba ńlá wa pẹ̀lú kó ẹrù kúrò níbi tí ayé ti le mọ́ wọn. Àwọn asáàálà ló bí wa, ẹnu wa kò gba pé ká fi ẹni tó kó ẹrù rẹ̀ bú. Ohun tó yẹ ká ṣe ni ká rí i pé ọmọ tí wọ́n bá bí sọ́hùn-ún, tó bá wá kí màmá àgbà ní Àgọ́-Òwu, yóò rí ohun tó máa kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Ọdún 2030 kò jìnnà mọ́. Ẹ bá mi bi àwọn àgbà ilé yín ní ìbéèrè mẹ́ta: níbo ni àdúgbò yín wà kó tó dé abẹ́ Olúmọ? Ta ló kó wọn wá? Ta ni wọ́n ń retí tí kò dé? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fi àmì ohùn sí i. Ó ti sú mi láti máa rí orúkọ ìlú lára pátákó tí mi ò mọ bí ó ṣe yẹ kí n pè é.